Ta Ló Bí Fáìlì Yìí?

Ẹni tó bá fẹ́ kà á tán kó rọra gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ̀kọ́ tòní gùn díẹ̀, kò sì sí ìjókòó níwájú ògiri. Ẹ̀yin ọmọ Data Processing, tiyín ni jù. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má tíì lọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ èèyàn lórí pátákó ni, ó lè kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó rántí lísìtì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sáà yìí, èyí tí wọ́n to orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ìdánwò sí. Orúkọ 17 ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ kíláàsì wa ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti sanwó. Rìsíìtì wà nínú àpò rẹ̀, ó ti rún díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà. Síbẹ̀ wọ́n ní kó máa lọ sílé ná. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ pa iṣẹ́ gàrí tì, ó gun ọ̀kadà wá. Wọ́n wo rìsíìtì, wọ́n bẹ ìyá, wọ́n sì fi báírò fa orúkọ ọmọ rẹ̀ yọ. Ṣé ó parí síbẹ̀? Rárá o. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ lísìtì tuntun jáde, orúkọ ọmọ náà tún wà níbẹ̀ kedere, nọ́ńbà 9.

Mo wà ní yàrá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí tíṣà wa ṣí ẹ̀rọ wò. Inú Access ni lísìtì ti ń jáde, láti inú tábìlì kan tó ń jẹ́ Gbese2. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀, lísìtì á sì yọ. Tíṣà ní, "Níbo ni tábìlì yìí ti ń wá gan-an?" A wojú ara wa. Àgùnbánirọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá ló ṣe é, ó sì ti padà sílùú rẹ̀. Kúẹ́rì 23 ló fi sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Orúkọ wọn? Query1, Query2, "Query2 tuntun", Query7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èyí tó wí pé òun ni ìyá Gbese2 nínú wọn. Ibi tí a dé nìyẹn tí iná fi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kúẹ́rì. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba á ti gbọ́ ọ rí: ìwé tí ọ̀gá máa ń kọ síni pé kí o wá ṣàlàyé ìdí tí o fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìyẹn o, kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Ìbéèrè ni a kọ fún ẹ̀rọ: lọ sínú tábìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣa àwọn tí kò sanwó jáde, tò wọ́n ní ABD. A lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká fún un lórúkọ, ká tọ́jú rẹ̀, ká sì máa pè é nígbàkigbà tí a bá fẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ lè hàn lójú ẹ̀rọ, ó lè jáde lórí bébà, ó sì lè di tábìlì mìíràn tó dá dúró. Ti ìkẹta yìí ni wàhálà wa.

Ní ọ̀sán Sátidé ni mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo Ọlọ́runṣògo ń pè ní Bàbá Kọ̀ǹpútà. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá ń dá báyìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, yàrá kọ̀ǹpútà báńkì kan ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n má dárúkọ báńkì náà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ro ẹjọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lórí AS/400 nígbà tí ìyá rẹ ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Fa bẹ́ǹṣì yẹn wá."

AS/400 tí wọ́n dárúkọ yẹn, kọ̀ǹpútà alábọ́dé ni. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń gba odindi yàrá, ti orí tábìlì sì wà bí irú tiwa. Alábọ́dé wà láàárín wọn: ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ á jókòó sídìí ojú ẹ̀rọ dúdú tó ní lẹ́tà àwọ̀ ewé, gbogbo wọn á sì máa lò ó pọ̀. Ilé-iṣẹ́ IBM ló ṣe é, ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1988. Òun ló rọ́pò System/36 àti System/38. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó di iSeries ní ọdún 2000, ó di System i ní 2006, lónìí IBM i ni wọ́n ń pe ètò tó ń darí rẹ̀. Àwọn àgbà tó lò ó kò gbà, AS/400 náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ọdún 1963 ni IBM ti dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Nítòsí wa níbí.

Lórí ẹ̀rọ yìí, tábìlì kì í jẹ́ tábìlì, fáìlì ló ń jẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ní orúkọ àti irú. Fáìlì ní irú tirẹ̀, ètò ní irú tirẹ̀, kúẹ́rì tí a tọ́jú náà ní irú tirẹ̀, QRYDFN. Orúkọ kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 10 lọ. Bàbá ní ìdí nìyẹn tí orúkọ inú rẹ̀ fi dà bí ìgbà téèyàn ń kó ìkọ́ sọ̀rọ̀.

Wàyí o, ìtàn wọn.

Báńkì náà ní fáìlì kan tó ń jẹ́ ACDORM. Orúkọ àwọn àkáǹtì tó ti "sùn" ló ń wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn tí olówó wọn kò fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́. Ní òru ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, ètò kan á ka fáìlì yìí, á sì ti gbogbo àkáǹtì tó bá bá níbẹ̀ pa. Ẹni tí wọ́n ti tirẹ̀ pa kò lè gbówó mọ́, àfi tó bá wá fúnra rẹ̀, tó kọ lẹ́tà, tí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú.

Bàbá arúgbó kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá láti abúlé kan ní ọ̀nà Akanran. Ó wá lẹ́ẹ̀kíní, ó ní wọ́n ti àkáǹtì òun pa, bẹ́ẹ̀ òun gbówó níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n wo ìwé, òótọ́ ni. Wọ́n ṣí i fún un. Oṣù parí, ó tún tì. Ó tún wá, wọ́n tún ṣí i. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú oúnjẹ dání nínú ike, torí ó ti mọ̀ pé òun á pẹ́. Bàbá ní, "Kò bínú sí wa. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù."

Ẹ wo bó ṣe jọ ti báírò wa! Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé, kò sẹ́ni tó wo gbòǹgbò.

Ọ̀gá wọn wá ní kí wọ́n wá ohun tó ń dá ACDORM sílẹ̀. Ẹni tó kọ ètò náà ti fi báńkì sílẹ̀. Kúẹ́rì tó wà nínú ẹ̀rọ sì tó 300. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí gan-an nìyí: nígbà tí kúẹ́rì bá bí fáìlì, ẹ̀rọ á kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, á kọ orúkọ ẹni tó wọlé sórí ẹ̀rọ tó ṣe é, ṣùgbọ́n kì í kọ orúkọ kúẹ́rì náà sára ọmọ. Wọ́n ti gé ìwọ́. Fáìlì náà ti di ẹni ara rẹ̀, bí o bá pa ìyá rẹ̀ rẹ́ lọ́la, ọmọ á ṣì wà níbẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń wá ìyá, bí ọlọ́pàá ló máa ṣe é, díẹ̀ díẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tẹ DSPOBJD. Àṣẹ orí ẹ̀rọ yìí rọrùn láti há sórí o, torí wọ́n ń so ó pọ̀ bí orúkọ Yorùbá ni: DSP ni "fihàn", OBJ ni "ohun", D tó kẹ́yìn ni "àpèjúwe". Fi àpèjúwe ohun yìí hàn mí. Bí o bá rí WRK níwájú, "ṣiṣẹ́ lórí" ni, CRT ni "dá sílẹ̀", DLT ni "pa rẹ́". Ẹ̀rọ dáhùn: òru ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n dá ACDORM sílẹ̀, orúkọ ẹni tó dá a ni ti àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́. Ó mà ṣe o, gbogbo òṣìṣẹ́ alẹ́ ló ń fi orúkọ kan náà wọlé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bi í pé ta ló jẹ ẹran, tí ẹ̀rọ sì dáhùn pé ará ilé ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti wákàtí ṣì wúlò. Níbí, Bàbá kì mí nílọ̀. Nígbà tí èèyàn bá ń sọ fún kúẹ́rì pé kó kó ìdáhùn sínú fáìlì, ẹ̀rọ á bi í bí òun yóò ṣe kó o: ṣé fáìlì tuntun ni, ṣé kí n fi rọ́pò ti àtijọ́, àbí kí n fi kún èyí tó wà nílẹ̀? Bó bá jẹ́ rírọ́pò fáìlì, ti àtijọ́ á lọ, tuntun á dé, ọjọ́ ìbí á sì yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ fífi kún un, ọjọ́ ìbí kò ní yí. O lè máa wo ọjọ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kí o sì rò pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ àná ni wọ́n da nǹkan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn ni kí o wò nígbà náà, DSPFD á fi hàn ọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ DSPFFD, èyí tó ń fi àwọn òpó inú fáìlì hàn. Nọ́ńbà àkáǹtì wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti inú fáìlì ńlá ACMAST wá. Òpó kan wà tí kò sí nínú ACMAST rárá: DAYIDLE. Iye ọjọ́ tí àkáǹtì ti sùn. Òpó tí ẹni tó kọ kúẹ́rì ṣírò fúnra rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ilà ojú nìyẹn! Ìyá ọmọ kò sí nílé, ṣùgbọ́n ilà wà lójú ọmọ, ẹ jẹ́ ká wá agbo ilé tó ń kọ irú rẹ̀. (Ẹni tó bá rí òpó kan tó ń jẹ́ BREAKLVL nínú fáìlì, kó mọ̀ pé kúẹ́rì tó ń ro àpapọ̀ ló bí i. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ilà yẹn síbẹ̀.)

Wọ́n kò lè ṣí 300 kúẹ́rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ DSPPGMREF, wọ́n ní kó wo àwọn QRYDFN nìkan. Àṣẹ yìí máa ń to àwọn fáìlì tí kúẹ́rì kọ̀ọ̀kan ń lò. Wọ́n kó ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì mìíràn (bẹ́ẹ̀ ni, fáìlì náà tún bí fáìlì), wọ́n sì ṣa àwọn tó ń ka ACMAST. Ó ku 41. Wọ́n wo ọjọ́ tí wọ́n lo ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, torí ẹ̀rọ máa ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mẹ́fà péré ni wọ́n lò ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí gbọ́dọ̀ yára, torí bí ẹlòmíràn bá lo kúẹ́rì náà lọ́la, ọjọ́ àná ti lọ nìyẹn.

Mẹ́fà yìí ni wọ́n tẹ àlàyé wọn sórí bébà. Nínú WRKQRY, wọ́n á kọ 6 síwájú orúkọ kúẹ́rì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì jáde: fáìlì tó ń kà, òpó tó ń ṣírò, irú ìlà tó ń ṣà, àti ibi tí ìdáhùn ń lọ. Bàbá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bébà àti bírò pupa. DAYIDLE wà nínú méjì: DORM01 àti CHKIDLE.

Ìdáhùn DORM01 ń lọ sínú fáìlì, ṣùgbọ́n ACSLEEP ni orúkọ fáìlì náà. Ti CHKIDLE kì í lọ sínú fáìlì kankan, ojú ẹ̀rọ ló ń hàn sí. Ẹ̀yin náà, ẹ dá a rò kí ẹ tó ka ìsàlẹ̀: èwo ni ìyá?

Gbogbo yàrá ní DORM01 ni. Òun ló kúkú ń bí fáìlì, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan yí orúkọ ọmọ náà padà lẹ́yìn náà. Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n rí àṣìṣe: kò wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan àkáǹtì kẹ́yìn, ọjọ́ tí owó WỌLÉ kẹ́yìn ló ń wò. Ẹ rántí irú àsìkò tó jẹ́ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá tíṣà yẹn kò wọlé fún oṣù mẹ́jọ. Kò sí ohun tó ń wọ àkáǹtì rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀ ló ń fà jẹ díẹ̀ díẹ̀. Lójú kúẹ́rì, ẹni tí ń gbówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti sùn. Ìjọba kò sanwó fún un, báńkì tún wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ èyí tó kù.

Wọ́n tún DORM01 ṣe, wọ́n yọ̀, wọ́n ra mínírà. Oṣù parí. Bàbá arúgbó tún dé, tòun ti ike oúnjẹ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀n? Bàbá, báwo?" Wọ́n ní, "Torí ìyá tí a mú kọ́ ni ìyá."

Ohun tí wọn kò rò ni pé ẹni tó ń pe kúẹ́rì lè fagi lé ohun tí kúẹ́rì fúnra rẹ̀ sọ. Àṣẹ tó ń pè é ni RUNQRY, ó sì láyè nínú rẹ̀ láti wí pé: má wo ibi tí ó ní kí ìdáhùn lọ, kó o sínú fáìlì tèmi yìí. Bí o bá ka àlàyé kúẹ́rì láti àárọ̀ dalẹ́, o kò ní rí orúkọ fáìlì náà níbẹ̀, torí kò sí níbẹ̀. Ẹnu ẹni tó pè é ló wà. Ni Bàbá bá fi kúẹ́rì sílẹ̀, ó lọ sínú ìwé tí wọ́n fi kọ àwọn ètò òpin oṣù. Àṣẹ kan wà tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, FNDSTRPDM. Ó ní kó wá ACDORM. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi gbé ìlà yìí wá:

RUNQRY QRY(QRYLIB/CHKIDLE) OUTTYPE(*OUTFILE) OUTFILE(BKDATA/ACDORM)

CHKIDLE! Èyí tó ní ojú ẹ̀rọ lásán ni òun ń fi ìdáhùn hàn sí. DORM01 kàn jẹ́ ẹ̀dà tí ẹnì kan ṣe láti ara rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ilà ojú wọn fi jọra. Wọ́n tún CHKIDLE ṣe, wọ́n ní kó máa wo ọjọ́ tí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn nínú àkáǹtì, ìbáà jẹ́ owó tó wọlé tàbí èyí tó jáde. Ní òpin oṣù yẹn, bàbá tíṣà kò wá. Àwọn ní yàrá kọ̀ǹpútà ló ń retí rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ. Wọ́n ní ó wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò fún àná. Ẹ̀rọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ ìṣọ́ tó ń jẹ́ QAUDJRN. Bí ọ̀gá ẹ̀rọ bá ti ní kó máa ṣọ́ ohun tí wọ́n bá dá sílẹ̀, ìgbàkigbà tí ohun kan bá délé ayé ni á kọ CO sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ àti ètò tó dá a. Báńkì wọn kò tíì tan ìṣọ́ yẹn nígbà náà, torí ó ń jẹ àyè nínú ẹ̀rọ. Wọ́n tàn án lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ACDORM. Ohun kejì kò náni ní kọ́bọ̀: fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àyè lẹ́tà 50 fún àlàyé kúkúrú. Ẹni tó dá fáìlì lè kọ síbẹ̀ pé "láti ọ̀dọ̀ CHKIDLE, ètò òpin oṣù". Bàbá ní ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, àwọn náà sì wà lára wọn.

Wọ́n tún ní kí n má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo fáìlì ni kúẹ́rì bí. Ẹlòmíràn fi CRTDUPOBJ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹlòmíràn fi CPYF kó o, ẹlòmíràn fi SQL dá a. Kúẹ́rì tó o sì rí lónìí lè má rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó bímọ, bí ẹnì kan bá ti tún inú rẹ̀ kọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n yí òun náà padà kẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí yàrá kọ̀ǹpútà tiwa.

Ní ọjọ́ Ajé, iná wà. Mo sọ fún tíṣà pé mo ti kọ́ nǹkan kan wá, wọ́n sì gbà kí èmi àti àwọn méjì jókòó tì wọ́n. Access kì í ṣe AS/400, ó rọrùn jù ú lọ níbi kan: kúẹ́rì tó ń dá tábìlì sílẹ̀ máa ń kọ orúkọ tábìlì náà sínú ara rẹ̀. Nínú àwọn 23, mẹ́ta péré ló ní àmì ìyanu lára àwòrán wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́, wọn kì í kàn fi ìdáhùn hàn lásán. A ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a yí i sí ojú SQL, a sì wá ọ̀rọ̀ kan: INTO. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé INTO ni orúkọ ọmọ. Èkíní, INTO Gbese. Èkejì, INTO Kilaasi_SS1. Ẹ̀kẹta, Query7, INTO Gbese2. A pariwo débi pé kíláàsì kejì fèrèsé wò wá.

A kò dúró síbẹ̀, torí a ti gbọ́ ti DORM01. A wo bọ́tìnnì náà bóyá Query7 ló ń pè lóòótọ́. Òun ni. Ìgbà náà la wá ka inú rẹ̀. Ó ń fi orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wé tábìlì kan tó ń jẹ́ Sisan_Jan, ẹni tí kò bá sí nínú Sisan_Jan ni gbèsè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Sisan_Jan, ẹ̀dà ìwé bọ́sà tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ ní òpin oṣù Kínní ni. Bọ́sà ń kọ orúkọ àwọn tó ń sanwó lọ nínú tábìlì tirẹ̀ gan-an, Sisan. Query7 kò mọ̀ pé tábìlì yẹn wà. Ọmọ kíláàsì wa sanwó ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì. Bó bá gbé rìsíìtì 100 wá, wọ́n á máa tẹ orúkọ rẹ̀ jáde ni.

Tíṣà yí Sisan_Jan padà sí Sisan, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ 13 ló jáde. 17 tẹ́lẹ̀, 13 báyìí.

Mẹ́rin ni kò jẹ gbèsè, kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn mẹ́ta yòókù kò wí nǹkan kan. Méjì nínú wọn ti tún owó san lẹ́ẹ̀kejì, torí òbí wọn rò pé rìsíìtì àkọ́kọ́ ló sọnù lọ́dọ̀ bọ́sà. Ẹ̀kẹta, ọmọ SS1, ti wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè. Wọ́n rán ọmọ àdúgbò rẹ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn, ó wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́sà sì ti dá owó àwọn méjì náà padà.

Query7 ti ń jẹ́ Da_Gbese2_lati_Sisan báyìí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lísìtì tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìròyìn yìí, apá òsì, ẹ ó rí orúkọ kúẹ́rì àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Fún ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbìyànjú: kúẹ́rì 20 ṣì kù tí a kò mọ iṣẹ́ wọn, tábìlì kan sì wà tó ń jẹ́ Yan_Prefect tí kò sí INTO kankan tó dárúkọ rẹ̀. Ta ló bí i? Ẹ wá sí yàrá kọ̀ǹpútà ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn bíréèkì, ẹ mú ìwé àti báírò dání, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan kí tíṣà tó dé. Bí iná bá lọ, a jẹ́ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.